Ọyẹ́ ń bọ̀ l'Ábùjá: kí ni kí n ṣe sí koríko iwájú pláásà kó má baà rí bíi ti èṣí?

MÁNÉJÀ UTAKO

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ koríko ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Pláásà alájà mẹ́ta kan ni mò ń bójú tó ní Utako níbí. Kàdúná ni Alhaji tó ni ín ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa ń yọjú. Tó bá sì yọjú, kì í béèrè jẹnẹrétọ̀, kì í béèrè owó iná. Iwájú ilé ló máa ń kọ́kọ́ dúró sí, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa wo koríko. Ilẹ̀ koríko yẹn gùn ní mítà 30, ó fẹ̀ ní mítà 20. Bahama ló pọ̀ jù níbẹ̀, àfi abẹ́ igi máńgòrò méjì tí wọ́n gbin carpet grass sí nítorí ibòòji. Ixora pupa tò lọ sí ẹnu ọ̀nà, igi masquerade 11 dúró ti ògiri bíi sójà, bougainvillea sì gun géètì.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe lọ́dún tó kọjá. Ìparí oṣù kẹwàá ni, òjò rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ mu omi yó. Mo wá sọ lọ́kàn ara mi pé ìgbà yìí gan-an ló yẹ kí koríko jẹun. Mo ra odindi àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 kan, a fọ́n ọn tán lọ́jọ́ kan. Mo ní kí Mallam tó ń bá wa ṣe gádìnì gé koríko mọ́lẹ̀ bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Mo tún ní kó gé ixora wálẹ̀ dé orúnkún, pé á hù padà, á kún dáadáa. Mallam wò mí títí, ó ní, "Oga, ruwa fa?" Omi ńkọ́, ni ohun tó ń bi mí. Mo ní kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Òjò yẹn ni àṣekágbá.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, mo tiẹ̀ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Alhaji, ó ní mo kú iṣẹ́. Ìgbà tí ọyẹ́ dé, àwọn ewé tuntun tí ixora yọ bẹ̀rẹ̀ sí í jó létí létí bí ìwé tí wọ́n na iná sí. Kí Kérésìmesì tó dé, ilẹ̀ pupa ti yọ láàárín koríko. Mo gbé róbà omi lé e, ìyẹn tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀: tí a bá fún koríko lómi láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, omi ti tán ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àjà kẹta, fóònù mi ò sì ní sinmi. Mo wá ń ra omi táńkà. Iye tí mo ná, ẹ má bi mí. Nígbà tí Alhaji yọjú ní oṣù kìíní, ó dúró, ó wo ilẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Manager, wannan filin ƙwallo ne?" Ó ń bi mí bóyá pápá bọ́ọ̀lù ni mo sọ ọ́ dà.

Òjò ṣì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí. Kí ni kí n ṣe kó tó dáwọ́ dúró? Ṣé kí n tún fọ́n ajílẹ̀? Omi mélòó gan-an ni koríko ń mu? Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ dànù, kí n tẹ́ koríko oníróbà tàbí kí n da intalọ́ọ̀kì sí i, kí n lọ sinmi.


ÌYÁ OLÓDÒDÓ, KUBWA

Mánéjà, ẹ kú ewu ìnáwó. Ẹ ní ká má rẹ́rìn-ín, àmọ́ ibi "Oga, ruwa fa" yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ wá nǹkan fún Mallam yẹn. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Ọdún 16 rèé tí mo ti ń ta òdòdó létí títì Kubwa yìí. Tó bá ti di oṣù kìíní, àwọn èèyàn á wá bá mi, wọ́n á ní ọyẹ́ pa òdòdó àwọn. Ọyẹ́ kọ́ ló pa á. Inú oṣù kẹwàá ló ti gba ikú, oṣù kìíní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òkú ẹ̀.

Ẹ má fọ́n ajílẹ̀ kankan mọ́ lọ́dún yìí. Tó bá jẹ́ àpò kílò 50 lẹ fọ́n sórí ilẹ̀ tó mọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ju ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó jẹ lọ. Ẹ wá rò ó wò: koríko ti ń múra oorun, ẹ lọ jí i, ẹ ní kó máa yọ ewé. Ewé ọ̀hún rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kò sì sí omi tí yóò gbé e ró. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti Sàhárà wá yẹn, ewé ọmọ tuntun ló máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ dúró di ìgbà tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá fìdí múlẹ̀. Ìgbà yẹn náà, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sáàárín. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ìgbẹ́ adìẹ ni kí ẹ dà sí i, ẹ béèrè bóyá ó ti jinná. Oníbàárà mi kan da tútù síwájú ilé oúnjẹ, ó jó koríko, òórùn ẹ̀ sì lé àwọn tó wá jẹ àmàlà. Mi ò mọ èwo ló dùn ún jù.

Koríko Bahama yín, ẹ gbé abẹ mówà sókè láti ìsinsìnyí. Kó ga tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ẹ má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Koríko tó bá ga díẹ̀ á fi ara ẹ̀ ṣe ibòòji fún ilẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ náà á jìn. Èyí tí ẹ fá lórí yẹn, oòrùn ń wo ilẹ̀ ẹ̀ tààrà ni.

Ẹ lo òjò tó kù yìí. Ẹ jẹ́ kí Mallam fi fọ́ọ̀kì gádìnì gún ilẹ̀ káàkiri, pàápàá ibi tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá lọ síbi mọ́tò. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti le bíi síméńtì, omi kàn ń ṣàn lórí ẹ̀ lọ sí gọ́tà ni. Kó sì fi erùpẹ̀ ṣe ògiri kékeré yí ìdí igi masquerade kọ̀ọ̀kan ká, kí omi máa dúró níbẹ̀.

Ixora: ẹ má gé e o! Òdòdó tó ti gbẹ àti ẹ̀ka tó ti kú nìkan ni kẹ́ ẹ máa yọ. Gígé gidi, ó di oṣù kẹrin, kárùn-ún, nígbà tí òjò bá dé. Ẹ wá kó ewé máńgòrò tí Mallam ń gbá jó láràárọ̀ yẹn, kẹ́ ẹ fi mówà gùn ún mọ́lẹ̀ kó fọ́ wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí ixora kó nípọn tó ínǹṣì mẹ́ta. Kó má kan igi ẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Èèpo ìrẹsì náà dára, ẹ lè rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ ìrẹsì ní apá Kwali. Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni èérún pákó tí àwọn káfíńtà máa ń kó fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ikán á dé kí ẹ tó padà délé.

Bougainvillea kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn rárá. Ẹ jáwọ́ nínú omi ẹ̀. Òùngbẹ ló máa ń jẹ́ kó tan òdòdó. Tó bá mu omi yó, ewé lásán ni yóò máa yọ. Òun ló máa gbà yín lọ́wọ́ Alhaji ní oṣù kìíní.

Tí eruku bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fọ ewé ixora àti masquerade lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí omi lu abẹ́ ewé. Kì í ṣe torí ẹwà nìkan. Kòkòrò kan wà, ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, eruku àti ilẹ̀ gbígbẹ ló fẹ́ràn. Ewé á kàn máa ní àmì funfun tóótòòtóó, á wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ gba ewé náà sórí ìwé funfun, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá rí ohun tó dà bí eruku, ẹ dúró díẹ̀. Tí eruku yẹn bá ń rìn, ẹ ti mọ nǹkan tó ń bá yín jà.

Intalọ́ọ̀kì? Ẹ ó tún padà wá kọ ìbéèrè síbí ní oṣù kẹjọ pé ọ̀gbàrá ń wọ ṣọ́ọ̀bù. Koríko oníróbà ní tiẹ̀, ẹ bọ́ bàtà kí ẹ rìn lórí ẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kẹta, kí ẹ wá ròyìn.


BÀBÁ ZARIA

Ọmọ mi, Ìyá Olódòdó ti sọ ti ewé, jẹ́ kí n sọ ti omi, torí níbẹ̀ lowó rẹ wọlẹ̀ sí. Sabon Gari Zaria ni wọ́n bí mi sí, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni mo sì tọ́jú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ará Àbújá ń jẹ ìgbádùn. Ọyẹ́ tiwa ní Zaria máa ń dé kí tiyín tó gbéra.

Mú bírò. Omi tó ga ní mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 níbùú lóròó, lítà 1 ni. Ilẹ̀ tìrẹ, 30 lọ́nà 20, mítà 600 níbùú lóròó ni. Kí Bahama tó lè tutù yọ̀yọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, á fẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 25 lọ́sẹ̀. Ìyẹn lítà 15,000 lọ́sẹ̀ kan. Táńkà olómi lítà 10,000 kan àtààbọ̀, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, fún oṣù márùn-ún! Owó oṣù rẹ ni koríko ń mu.

Má bomi rin gbogbo ẹ̀. Bahama kì í tètè kú, ó máa ń sùn ni. Á pọ́n, á gbẹ lójú, àmọ́ gbòǹgbò tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ṣì wà láàyè. Fi ìka wa ilẹ̀ wò: bí gbòǹgbò bá funfun tó sì le, ó ń sùn, bó bá rún wọ́ọ́wọ́ọ́ lọ́wọ́ rẹ, ó ti lọ. Kó má baà lọ, mìlímítà 12 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ti tó fún un, ìyẹn lítà 7,200 fún gbogbo ilẹ̀ náà. Wá yan ibi tí Alhaji ti máa ń káwọ́ sẹ́yìn yẹn, bíi mítà 5 lọ́nà 20 lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mítà 100 níbùú lóròó, lítà 2,500 lọ́sẹ̀. Ìyẹn ni kó tutù. Èyí tó kù, jẹ́ kó sùn.

Carpet grass abẹ́ máńgòrò, gbàgbé ẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀ kò jìn, máńgòrò á sì gba omi mọ́ ọn lẹ́nu. Hú u, kó ewé tẹ́ ibẹ̀.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé omi tó o fún un tó? Kó agolo sàdíìnì márùn-ún sórí koríko, ṣí omi fún ìṣẹ́jú 20, fi rúlà wọ̀n ọ́n. Wàá rí i pé agolo kan kún, èkejì gbẹ. Kó o sì fún un ní omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sàn ju kó o máa wọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, torí ibi tí omi bá dé ni gbòǹgbò máa ń tẹ̀ lé e dé. Aago márùn-ún ìdájí ni kó o ṣe é, kí afẹ́fẹ́ tó dìde, kí àwọn ayálégbé rẹ tó dé.

Àwọn kan á ní kó o gbe omi AC. Lásìkò òjò, AC máa ń sun omi bí ọmọ tó ń sunkún. Nígbà ọyẹ́, kò sí ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́ tí AC máa fà, nítorí náà má gbójú lé e. Èyí tó ń lọ lásán gan-an ni omi àlùwàlá. Tí pláásà rẹ bá ní ibi tí wọ́n ti ń kírun, lọ dúró níbẹ̀ lásìkò ìrun ọ̀sán, wo omi tó ń wọ gọ́tà. Ọṣẹ kò sí nínú ẹ̀. Gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré láti ibẹ̀ lọ sí ìdí ixora.

Ó ku iná. Tí ilẹ̀ òfìfo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, gé koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kúrò lára ògiri rẹ tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin kí oṣù kọkànlá tó parí. Ewé tó o tẹ́ sílẹ̀ yẹn náà, máa wọ́n omi sí i. Wá wo mai shayi, alátíì ẹnu géètì yín. Níbo ló ń da eérú sí lálẹ́?


ỌMỌ ÌLỌRIN NÍ HOUSTON

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Gwarinpa ni mo gbé kí n tó débí, iṣẹ́ ọgbà àwọn ilé ọ́fíìsì ni mo sì ń ṣe ní Houston. Oṣù kọkànlá yìí ni wàhálà tiwa náà. Òtútù díẹ̀ ló máa ń mú níbí, kì í fi bẹ́ẹ̀ le, síbẹ̀ Bahama níbí náà á pọ́n, á sùn. Àwọn onílé tó lówó máa ń ní ká fọ́n irúgbìn ryegrass lé e lórí, kó lè tutù títí òtútù fi máa lọ. Ẹ má gbìyànjú ìyẹn l'Ábùjá o, koríko òtútù ni, oòrùn á sè é. Pansy ni òdòdó tí a máa ń gbìn, òun náà kò wúlò fún yín. Páìpù la tún máa ń wé láṣọ, torí ojú wa rí nǹkan ní oṣù kejì ọdún 2021 tí gbogbo Texas dì bí yìnyín, tí páìpù ń bẹ́ káàkiri.

Nǹkan méjì ni mo rò pé ó bá yín mu. Kí ẹ̀rùn tó mú, ṣí gbogbo sprinkler, ìyẹn ẹnu páìpù tó ń fọ́n omi sí koríko, lójú ọ̀sán, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ̀ lé e yí ká. Èyí tó bá fọ́ tàbí tó kọjú síbi tí kò yẹ, ẹ ri igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ so lailọ́ọ̀nù mọ́ ọn, kí ẹ tún un ṣe. Kò sí ọdún tí a kì í rí èyí tó ń bomi rin títì ọlọ́dà.

Èkejì: a máa ń kọ̀wé sí onílé ṣáájú. A ó ní koríko yín máa pọ́n láti ìgbà báyìí dé ìgbà báyìí, kò kú, apá ibi báyìí la máa jẹ́ kó tutù, iye tó máa ná yín rèé. A ó fi fọ́tò sí i. Tó bá ti mọ̀ ṣáájú, kò ní pariwo. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ̀wé sí Alhaji kí òun tó tún rí pápá bọ́ọ̀lù.


MÁNÉJÀ UTAKO

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, Bàbá. Àbúrò Houston, ó ṣé o. Mo ti padà dé láti wá jábọ̀.

Mo fún Mallam ní nǹkan. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún un ní Hausa, ibi tó kàn án ló ní kí n tún kà.

Sprinkler mẹ́fà ni a ní. Ọ̀kan ń fọ pátákó orúkọ pláásà, ọ̀kan ń wẹ mọ́tò lọ́yà àjà kejì láràárọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, òun náà kò sì ráhùn rí. A ti yí méjèèjì padà. Ìgbà yìí ló wá ráhùn.

Bàbá, mo lọ dúró níbi àlùwàlá ní Jímọ̀. Ojú tì mí. Omi tó ń bọ́ sí gọ́tà níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí, mo ti ra irú ẹ̀ rí lọ́wọ́ táńkà. Mallam ti gbẹ́ ojú àgbàrá, ó tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí i kó má baà di ẹrẹ̀, omi sì ti ń dé ixora kẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ gòkè díẹ̀, kò kọjá.

Mai shayi, òtítọ́ lẹ sọ. Ìdí igi masquerade tó kángun sí géètì ló ń da eérú sí, ẹ̀yinná ṣì ń ṣẹ́jú nínú ẹ̀. Mo gbé garawa oníyanrìn fún un. Ó ní kí n san owó tíì tí mo jẹ ẹ́ ná.

Mo ti kọ̀wé sí Alhaji, mo fi fọ́tò àti ìṣirò lítà sí i. Ohùn ló fi dáhùn lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú méjì gbáko, ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ ẹ̀rín lórí lítà 15,000. Ó ní kí n jẹ́ kó sùn, àmọ́ kí ẹnu ọ̀nà tutù.

Agolo sàdíìnì nìkan ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo tò márùn-ún sórí koríko ní aago márùn-ún ìdájí, mo lọ kírun, kí n tó dé, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ìsàlẹ̀ ti dúró sẹ́nu géètì, kò wọlé. Ó ní ta ló gbé ẹbọ síwájú pláásà.


ÌYÁ OLÓDÒDÓ, KUBWA

Ẹ bá a sọ pé mìlímítà 12 péré ni wọ́n ń bọ.